Igbésẹ̀ Ọgọ́fà Láti Ìdí Òpó Àsíá

Bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ mẹ́ta ló pòórá nínú àpótí onígíláàsì. Páálí pélébé tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí nìkan ló ṣẹ́kù, ó sùn síbẹ̀ bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbàgbé sọ́jà. Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ni. Tó bá di aago mẹ́wàá, gbogbo ìlú á ti pé sí pápá ńlá fún àyájọ́ àádọ́ta ọdún tí ogun parí, àwọn ọmọ iléèwé á sì máa yan bí ológun níwájú àwọn èèyàn pàtàkì.

Èmi ni mo wa ọ̀gá mi dé musíọ̀mù náà. Dẹ́rẹ́bà ọlọ́pàá ni mí, mo ti jókòó sídìí ọkọ̀ yẹn débi pé tí mo bá dìde, ìjókòó náà á fẹ́ tẹ̀ lé mi wọlé. Ọ̀gá mi jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí kì í pariwo. Yèrèpè ni gbogbo ọ̀daràn ìlú ń pè é, nítorí tó bá ti kàn ọ́ lára, wàá máa yún ara títí wàá fi jẹ́wọ́. Mo ti rí géńdé ọkùnrin tó jẹ́wọ́ olè tó ṣì ń gbèrò láti jà, kí ó ṣáà lè gbójú kúrò lára òun.

Ó tẹ̀ sórí àpótí náà. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

"Dẹ́rẹ́bà, kí lo rí?"

"Nọ́ọ̀tì mẹ́jọ tó de gíláàsì mọ́ àpótí, ọ̀gá. Wọn ò fọ́ gíláàsì rárá, ńṣe ni wọ́n tú u."

"Báwo ni nọ́ọ̀tì ọ̀hún ṣe wà?"

Mo wò ó. Wọ́n wà lórí áńkáṣíìfù tí wọ́n ṣẹ́ sí igun mẹ́rin, wọ́n tò láti òsì sí ọ̀tún, gbogbo wọn gbórí sókè.

"Wọ́n tò bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́, ọ̀gá."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí olùtọ́jú musíọ̀mù, ọkùnrin gíga tó so táì mọ́rùn bí ẹni fẹ́ pokùn so.

"Ẹ má fòyà rárá, Màdáàmù," ni olùtọ́jú sọ. "Òfìfo ni wọ́n. Agolo lásán ni. Ó wà nínú ìwé wa."

"Ta ló kọ ìwé yẹn?"

"Èmi ni."

"Ta ló yẹ̀ wọ́n wò kí ẹ tó kọ ọ́?"

"Wọ́n... Ó ti pẹ́ díẹ̀."

Yèrèpè kàn ń wò ó. Mo mọ ìwò yẹn, mo sì káàánú ọkùnrin náà. Mo ka ogún, ọkùnrin náà tú táì. Mo ka ogójì, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn akoto irin àti ìgò omi àwọn sójà àtijọ́.

"Ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ wọ́n wò," ó wí. "Àgbẹ̀ kan ló gbé wọn wá nínú garawa ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ó ní òun hú wọn nínú oko. Mo kọ̀wé sí àwọn ológun lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò wá. Àwọn àlejò sì ń bẹ̀rù àtisún mọ́ àpótí náà. Mo wá kọ 'òfìfo' síbẹ̀ kí ọkàn wọn lè balẹ̀."

"Ọkàn wọn balẹ̀ lóòótọ́," ni ọ̀gá mi wí.

Òógùn tó dà lára mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ lè fi fọ ọkọ̀ akérò méjì, kó sì ṣẹ́kù fún kẹ̀kẹ́.

Olùtọ́jú ní òun mọ olè náà. Ó ní ẹlẹ́rù irin àlòkù kan wà, tí wọ́n ń pè ní Kọ̀ǹdẹ́mù, tó ti ń bẹ òun láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn pé kí òun ta àwọn irin àtijọ́ fún un. Ká tó parí ọ̀rọ̀, ọlọ́pàá méjì ti mú Kọ̀ǹdẹ́mù lórí òkìtì irin rẹ̀, wọ́n sì gbá a létí bíi mẹ́fà ká tó débẹ̀.

"Màdáàmù, ẹ gbà mí," ó wí. "Mo fẹ́ irin o, mi ò fẹ́ ikú."

Yèrèpè tọ́ka sí nọ́ọ̀tì kan tó ti dípẹtà lára irin kan nílẹ̀, ó ní, "Bá mi tú eléyìí."

Kọ̀ǹdẹ́mù ò wá sípánà. Òòlù ló fà yọ, ó gbé e sókè, ó fọ́ irin náà sọ́nà mẹ́ta, ó wá mú nọ́ọ̀tì fún un lọ́wọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Ẹ tú u sílẹ̀," ni ọ̀gá mi wí. "Bó bá jẹ́ òun ni, àpótí yẹn ì bá ti di ìyẹ̀fun."

A ti ń padà sídìí ọkọ̀ nígbà tí Kọ̀ǹdẹ́mù pè wá, ó ń ra etí rẹ̀. "Màdáàmù, ẹ ò bi mí ohun tí mo rí. Bàbá arúgbó kan kọjá níbí láàárọ̀ kùtù, tó wọ aṣọ sójà látòkè délẹ̀, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí pápá, ó gbé báàgì iléèwé kọ́yìn. Mo kí i. Ó ní kí n sọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń kọjá. Mo ní 'ẹ kú àárọ̀.' Ó ní ìyẹn kọ́ o, ó na ọ̀pá ìtìlẹ̀ sí mi, ó ní òun á yìnbọn."

"Wọ́n jẹ́ kó wọ pápá?"

"Sójà tó wà lẹ́nu géètì tún fi ọwọ́ sórí kí i ni. Ṣebí ọjọ́ wọn ni."

Yèrèpè dúró gbagidi. "Ẹni tó bá ń tú ohun tó lè gbẹ̀mí rẹ̀ máa ń to gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún, kó lè tò ó padà bí iná bá kú. Sójà tó mọ bọ́ǹbù ló tú àpótí yẹn. Ta ni bàbá ọ̀hún?"

"Bàbá obìnrin aránṣọ kan ni, tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ òpópó níbí."

Obìnrin aránṣọ náà ń ran bọ́tìnnì mọ́ aṣọ kan nígbà tí a wọlé. Ó rí aṣọ ọlọ́pàá, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí a tó sọ ohun tó gbé wa wá tán, ó ti di orí mú.

"Ọmọ mi wà ní pápá," ó wí. "Aago méje ló kúrò nílé. Òun ló ń gbé àsíá iléèwé wọn. Iwájú pátápátá ló máa wà."

"Bàbá yín ńkọ́?"

"Wọ́n wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀yin ọ̀gá, orí wọn ti ń lọ, ó ń bọ̀. Láti ọjọ́ Ajé tí rédíò ti ń fọn fèrè ogun nítorí àyájọ́ yìí, wọ́n ní wọ́n ti pe àwọn. Wọ́n ní kí n lọ aṣọ sójà àwọn. Mo lọ̀ ọ́. Mo rò pé inú wọn ló ń dùn."

Bàbá náà jókòó lábẹ́ okùn asáṣọ, aṣọ rẹ̀ gún débi pé eṣinṣin tó bá bà lé e á fara gé. Àmì ẹ̀yẹ kan wà láyà rẹ̀. Ẹrẹ̀ tútù lẹ̀ mọ́ bàtà rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ife omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n débi pé omi náà ń jó.

Yèrèpè kúnlẹ̀ kí i. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ẹ rì wọ́n mọ́lẹ̀ sí?"

"Sájẹ́ǹtì," ni bàbá wí. "Nọ́ńbà mi ni mẹ́rin, òdo, méje. Mi ò ní ọ̀rọ̀ míì."

"Bàbá, àwọn ọmọdé ló fẹ́ yan lórí ilẹ̀ yẹn."

"Sájẹ́ǹtì. Mẹ́rin, òdo, méje."

Ọmọ rẹ̀ sunkún sí i lẹ́sẹ̀. Ọlọ́pàá kan jágbe mọ́ ọn. Èmi náà sọ àwàdà kan tó ti pa ìyá àgbà kan lẹ́rìn-ín rí títí tí wọ́n fi gbé e lọ sí ọsibítù. Bàbá náà ń wo iwájú bí ògiri.

Ọ̀gá mi ní kí aránṣọ yẹ àpò àyà bàbá rẹ̀ wò. Ohun tó mú jáde ni píìnì irin mẹ́ta tí wọ́n fi bébà wé. Mo fẹ́ béèrè pé ṣé ti aránṣọ ni, àmọ́ mo rí ojú ọ̀gá mi. Kò sẹ́ni tó tíì rí ẹ̀rù lójú obìnrin yẹn rí. Mo rí i lọ́jọ́ náà.

"Ìgbà tí wọ́n bá fa píìnì yìí yọ ni bọ́ǹbù tó ń jí," ó wí. "Ẹni tó rì í á kó píìnì pamọ́ láti fi mọ iye tó wà nílẹ̀. Mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Gbogbo wọn ló ti jí."

Lára bébà náà, ọwọ́ ìkọ̀wé tó dúró ṣánṣán kọ ọ́ pé: *Láti ìdí òpó àsíá, kọjú sí géètì. Igbésẹ̀ ọgọ́fà, èkínní. Igbésẹ̀ mẹ́wàá sí i, èkejì. Igbésẹ̀ mẹ́wàá sí i, ẹ̀kẹta.*

Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọlọ́pàá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìwé ti sọ gbogbo rẹ̀. Kí ló tún kù?

Ọ̀gágun tó ń bójú tó ayẹyẹ náà jẹ́ ẹni tó ga, tó sanra, tó fẹ́ràn kí nǹkan lọ bó ṣe wà nínú ètò. Ó ní kí sójà kan tí wọ́n ń pè ní Kọ́pù ka igbésẹ̀ náà. Kọ́pù yẹn ga débi pé tó bá ń lọ síbi iṣẹ́, igbésẹ̀ kan nílé, igbésẹ̀ kejì lẹ́nu iṣẹ́. Ó ka ọgọ́fà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde ní géètì. Wọ́n fi ọ̀bẹ ìbọn gún ilẹ̀ ibẹ̀ wẹ́wẹ́. Wọ́n gbẹ́ ẹ. Kòtò tí wọ́n gbẹ́ yẹn, bí òjò bá rọ̀ sí i, ẹja ńlá á ráyè bímọ níbẹ̀. Nǹkan kan ò sí.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń wá irin jáde. Ẹ̀rọ náà ké níbi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí, ó ké níbi kejì, ó ké níbi gbogbo. Ìdérí ìgò tí àwọn èèyàn ti ń jù sí pápá yẹn láti ọdún gbọ́nhan, bí wọ́n bá yọ́ ọ pọ̀, á tó fi ṣe ọkọ̀ ojú irin.

"Ìyáàfin," ni Ọ̀gágun wí, "arúgbó tí orí rẹ̀ ti dàrú ló ń fi yín ṣeré. Agolo òfìfo ni, olùtọ́jú yín ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí géètì."

"Ẹ fún mi ní wákàtí kan."

"Ààbọ̀ wákàtí ló kù kí àlejò pàtàkì wọlé. Ẹ ṣí géètì."

Wọ́n ṣí i. Ẹgbẹ̀ta ọmọ ló dà wọlé, bàtà funfun, ìbọ̀sẹ̀ funfun. Mo rí ọmọbìnrin kan tó gbé àsíá iléèwé níwájú, kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, imú rẹ̀ jọ ti bàbá àgbà tó wà lábẹ́ okùn asáṣọ. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì sọ fún mi pé kí n sá. Mo ní kí wọ́n dúró. Wọ́n ní èmi nìkan ni yóò dúró.

Yèrèpè jókòó sórí bọ́ńpà ọkọ̀, ó tẹjú mọ́ bébà náà.

"Bóyá wọ́n ti gbé òpó àsíá kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ọ̀gá," mo wí.

"Simẹ́ńtì ìdí rẹ̀ dàgbà jù ọ́ lọ."

"Bóyá bàbá purọ́."

"Ẹni tó to nọ́ọ̀tì mẹ́jọ bẹ́ẹ̀ ò ní kọ irọ́ sínú ìwé bọ́ǹbù. Òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà níbí. Àwa la kà á ṣì." Ó gbórí sókè díẹ̀díẹ̀. "Dẹ́rẹ́bà, ta ló ka igbésẹ̀ ọgọ́fà yẹn fún wa?"

"Kọ́pù ẹlẹ́sẹ̀ gígùn yẹn."

"Ta ló kà á láàárọ̀ kùtù?"

Mo rí bàbá náà lójú inú mi, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ lé ti òsì. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀, tó bá gbéra láti yàrá lọ sí pálọ̀, kí wọ́n dì í lóúnjẹ.

Mo wa ọkọ̀ padà sílé aránṣọ bí ẹni pé èṣù ló ń tì í lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ bàbá náà ṣì wà nínú iyanrìn tútù lẹ́yìnkùlé, láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìdí àga. Yèrèpè gba téèpù lọ́wọ́ aránṣọ, ó wọ̀n ọ́ láti gìgísẹ̀ kan dé èkejì. Ó wọ̀n ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Íńṣì mẹ́wàá. Ọgbọ̀n íńṣì ni wọ́n ń kọ́ sójà láti máa gbé. Igbésẹ̀ mẹ́ta tirẹ̀ ló jẹ́ ẹyọ kan ti Kọ́pù. Kò mọ̀ pé òun ti darúgbó. Ó ń ka ẹsẹ̀ tó ní nígbà ogun, ó sì ń gbé èyí tó ní báyìí. Ọgọ́fà rẹ̀ ò ju ogójì lọ."

Mo fi ojú inú wọn ogójì láti ìdí òpó. Ibi tí àwọn ọmọ ń tò sí gan-an ni.

Aránṣọ náà kò ké. Ó kàn ń sọ pé, "Ọmọ mi ló wà níwájú. Ọmọ mi ló wà níwájú," bí ẹni ń ka nọ́ńbà.

Ọ̀gá mi na aṣọ rẹ̀, ó to fìlà rẹ̀ dáadáa, ó lọ dúró níwájú bàbá náà, ó fi ẹsẹ̀ kan gbá ilẹ̀, ó sì fi ọwọ́ sórí kí i bí ológun.

"Sájẹ́ǹtì, èmi ni wọ́n ní kí n wá gba ipò lọ́wọ́ yín."

Bàbá náà gbójú sókè. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó pẹ́.

"Ó ti pẹ́ tó yẹ kí ẹ dé," ó wí.

"Ọ̀nà ò dáa."

"Mo mọ̀." Ó wá ọ̀pá rẹ̀. "Mo fi yín pe ọ̀tá. Ẹ ń béèrè bí ọ̀tá."

"Ẹ má bínú. Ẹ mú mi lọ síbẹ̀, ẹ tú u lójú mi, kí n lè fọwọ́ síwèé."

Gbogbo wa kó sínú ọkọ̀. Nígbà tí a dé pápá, aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn ọmọ ti tò lọ bẹẹrẹ láàárín òpó àsíá àti géètì, ọ̀wọ́ lẹ́yìn ọ̀wọ́. Bí ẹsẹ̀ wọn ṣe ń fo ohun tó wà nílẹ̀ yẹn, ẹ má bi mí. Bí a bá ké pé kí wọ́n kúrò, wọ́n á sá. Bí wọ́n bá sá, ẹgbẹ̀fà ẹsẹ̀ ló máa wá bọ́ǹbù mẹ́ta rí.

Afọnfèrè dúró lábẹ́ òpó. Yèrèpè lọ bá a.

"Fọn ti ìdákẹ́jẹ́."

"Màdáàmù, ó di mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó wà nínú ètò."

"Fọn ún nísinsìnyí. Má sì fọn ti òpin àfi tí mo bá gbé ọwọ́ sókè. Bí ètè rẹ bá ń yún ọ́, bù ú jẹ."

Ó ti rí ojú ọ̀gá mi. Ó fọn ún.

Ẹ̀yin tí ẹ ò bá dé ibi ayẹyẹ bẹ́ẹ̀ rí, ẹ lè má mọ̀. Tí fèrè ìdákẹ́jẹ́ bá ti dún fún àwọn tó kú sógun, bí kòkòrò bá wọ̀ ọ́ nímú, wàá jẹ́ kó kọ́lé síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn tíṣà ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ náà pé ẹni tó bá mira ti dójú ti gbogbo òkú. Gbogbo pápá di òkúta. Ọ̀gágun fọwọ́ sórí, kò lè sọ ọ́ kalẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan ló ń yí, ó ń fi ojú bú wa ní èdè mẹ́fà.

Bàbá náà ti ìdí òpó àsíá bẹ̀rẹ̀. "Ení. Èjì. Ẹ̀ta." Yèrèpè ń gbé ẹsẹ̀ sójú ẹsẹ̀ rẹ̀, èmi náà ń gbé tèmi sójú ti Yèrèpè, nítorí wọ́n ní kí n di bàbá mú tó bá fẹ́ ṣubú. Mo gbàdúrà sí gbogbo ẹni tí mo ti ṣẹ̀ rí. Àdúrà náà gùn, ẹ̀ṣẹ̀ mi pọ̀, síbẹ̀ a ò tíì dé ọgọ́ta.

Ní ọgọ́fà, bàbá kúnlẹ̀. Ó fi ìka méjì gbá koríko, koríko náà sì ṣí bí ọmọrí ìkòkò. Ohun kékeré kan wà nísàlẹ̀, kò ju agolo mílíìkì lọ. Ọwọ́ tó ń mú omi jó nínú ife dúró jẹ́ẹ́. Ó gba píìnì kan, ó tì í bọ̀ ọ́. "Èkínní." Ó gbé e fún ọ̀gá mi.

Ìdákẹ́jẹ́ tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú méjì ti di mẹ́jọ. Ní ìlà kejì, ọmọbìnrin kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Ojú rẹ̀ ti ń yí sókè. Mo na ọwọ́ gba àárín ọmọ méjì, mo fi ìka kan há kọ́là rẹ̀, mo gbé gbogbo ara rẹ̀ dúró pẹ̀lú ìka yẹn. Ìka náà ò tíì dárí jì mí dòní.

"Èkejì."

Bàbá rìn mẹ́wàá sí i. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó gbé àsíá. Ẹnu bàtà funfun ọmọ náà ti tẹ etí koríko tí wọ́n gé. Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀ àgbà, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Bàbá ò dá a mọ̀. "Sójà, má mira," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá," ni ọmọ náà dáhùn wúyẹ́wúyẹ́. Ó ti mọ irú èsì tí bàbá rẹ̀ àgbà máa ń fẹ́ nílé.

Bàbá ṣí koríko. Ó gba píìnì kẹta. Kò wọlé. Ó yí i, kò wọlé. Ó gbé e sójú oòrùn, ó sì rí i pé ó ti tẹ̀. Mo gbọ́ tí ọ̀gá mi ń mí. Bàbá náà ronú díẹ̀, ó nawọ́ sáyà ara rẹ̀, ó já àmì ẹ̀yẹ náà kúrò, ó ṣẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì tì í bọ ihò bọ́ǹbù. Ó wọlé. Ó ju àmì ẹ̀yẹ sílẹ̀ bí ẹni ju èèpo ọsàn.

"Ẹ̀kẹta. Ó tán."

Yèrèpè gbé ọwọ́ sókè. Fèrè dún. Ẹgbẹ̀ta ọmọ mí lẹ́ẹ̀kan náà, atẹ́gùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àsíá lọ. Aránṣọ ti fo okùn tí wọ́n fi pa ààlà, ó ti gbé ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú àsíá, pẹ̀lú gbogbo rẹ̀. Ọ̀gágun ń sáré bọ̀ láti fi ariwo pa wá, ó rí ohun mẹ́ta tó wà lápá ọ̀gá mi, ó sì rántí pé òun ní iṣẹ́ lápá ibòmíràn.

Ọ̀gá mi fọwọ́ síwèé lórí èjìká mi. Bàbá náà kà á, ó mi orí. Ó wá ṣí fìlà rẹ̀. Ó já òwú inú rẹ̀, ó mú ọ̀rá kan jáde, ìwé tó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ wà nínú rẹ̀.

"Ó ku eléyìí," ó wí.

"Kí ni, Sájẹ́ǹtì?"

"Ti ìgbà yẹn. Ẹni tó yẹ kó wá gbà á lọ́wọ́ mi kò wá. Mo dúró ọjọ́ mẹ́rin. Lẹ́yìn náà wọ́n ní ogun ti parí, kí kálukú máa lọ sílé. Mo ní ta ló máa gba ìwé mi. Wọ́n ní ìwé wo." Ó ń wo ilẹ̀. "Nígbà tí mo gbọ́ fèrè lọ́jọ́ Ajé, mo ní wọ́n ti dé nìyẹn. Mo ní kí n rì díẹ̀ sí i, kí wọ́n lè rí mi."

Yèrèpè ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó fọwọ́ sí i, ó kọ aago síbẹ̀, ó tún fọwọ́ sórí kí i.

"Ṣé mo lè máa lọ sílé?" ni bàbá béèrè.

"Ẹ lè máa lọ, Sájẹ́ǹtì. Mo ti gbà á."

Ọmọ rẹ̀ mú un lọ́wọ́ kan, ọmọ-ọmọ rẹ̀ mú èkejì. Wọ́n ń lọ, íńṣì mẹ́wàá, íńṣì mẹ́wàá.

Ọ̀gá mi fi ìwé náà hàn mí. Bọ́ǹbù méjìdínlógún tó ṣì wà nílẹ̀, láti òpó àkọ́kọ́ afárá olókùúta.

"Ọmọ ìlú yìí ni ọ́. Kí ló wà lẹ́yìn afárá yẹn báyìí?"

Mo ti ń fa kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yọ lápò kí n tó dáhùn.

"Igbó ni tẹ́lẹ̀, ọ̀gá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pín in fún àwọn obìnrin ìlú láti fi dáko. Òní ni ìyá mi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Wọ́n ní àwọn ò lè wá wòran, pé àwọn fẹ́ kọ ebè."

Yèrèpè ti wọ ọkọ̀. Ó jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gba fóònù mi, ó tẹ nọ́ńbà ìyá mi, ó jẹ́ kó máa ké síta kí àwa méjèèjì lè gbọ́. Mo ń wa ọkọ̀, mi ò rí ọ̀nà. Ó dún lẹ́ẹ̀kan. Ó dún lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n gbé e.

"Ìyá, ẹ dúró síbi tí ẹ wà," ni ọ̀gá mi wí. "Ẹ má gbé ẹsẹ̀ kankan. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ẹ dúró."

"Ta nìyẹn?" ni ìyá mi wí, ohùn wọn ń já, ó ń so. "Mi ò gbọ́ yín dáadáa o. Ẹ jẹ́ kí n sún síwájú díẹ̀, síbi tí nẹ́tíwọ̀kì wà."